Àyẹ̀wò iṣẹ́ ọnọ́rébù ìpínlẹ̀: ohun tí ìbò rà fún yín àti ohun tí kò rà

Ìrẹsì ọdún, ẹ̀rọ ìlọta, ọ̀kadà, ìwé àjákọ tí wọ́n tẹ fọ́tò ọnọ́rébù sí lẹ́yìn: nínú àyẹ̀wò yìí, kò sí máàkì kankan fún wọn. Ẹni tó gba ẹ̀rọ ìlọta rí i lò lóòótọ́, àmọ́ kò sí ibì kankan nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 tí wọ́n ti rán ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n rán an: kó ṣòfin, kó di ẹnu àpò owó ìpínlẹ̀ mú, kó sì máa bi àwọn tó ń ná owó náà léèrè ọ̀rọ̀. Orí wọn la ó ti díwọ̀n rẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ará ìlú kò mọ̀ pé ó wà fún lílò, ìyẹn gbígbọ́ ìwé ẹ̀sùn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ rà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 36 ló ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan ṣoṣo. Kò sí ilé kejì bíi ti Àbújá, níbi tí àwọn sẹ́nétọ̀ ti lè tún ojú wo àbádòfin tí kò dáa. Bí àṣìṣe bá ti kọjá nílé yìí, ọwọ́ gómìnà ló bọ́ sí tààrà. Òfin ní kí ọmọ ilé má dín ní 24, kó má sì ju 40 lọ. Èkó ní 40, Ọ̀yọ́ ní 32. Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì ní 26 lọ́kọ̀ọ̀kan. Kogí ní 25, Kwara sì ní 24. Ẹ wo ohun tí òpin 40 yẹn ń dá sílẹ̀ l'Ékòó: ìjọba ìbílẹ̀ 20 pín in ní méjì méjì, bẹ́ẹ̀ ni Alímọ́ṣọ́ tí èrò kún fọ́fọ́ ṣe ní ọnọ́rébù méjì, tí Ẹ̀pẹ́ náà sì ní méjì. Ará Alímọ́ṣọ́ tó bá ń retí kí ọnọ́rébù ráyè gbọ́ tẹnu òun bíi ti ará Ẹ̀pẹ́ máa dúró pẹ́. Kó yáa fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn. Kańsẹ́lọ̀, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ àti aṣojú-ṣòfin Àbújá, gbogbo wọn là ń pè ní ọnọ́rébù. Ọ̀rọ̀ ọjà, gáréèjì, gọ́tà inú àdúgbò àti ilé ìtọ́jú aláìsàn kékeré tó wà ní wọ́ọ̀dù, káńsù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Ọ̀nà tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ọsibítù jẹ́nẹ́rà, ilé ẹ̀kọ́ girama, omi ẹ̀rọ, owó orí ilé àti ilẹ̀, ìwé ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí: ti ìpínlẹ̀ nìyẹn. Ọlọ́pàá, kọ́sítọ́ọ̀mù, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ àti títì márosẹ̀ ìjọba àpapọ̀, Àbújá ni. Iná mànàmáná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà. Àtúnṣe ìwé òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023 jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lórí iná, títí kan ibi tí okùn iná ìjọba àpapọ̀ ti dé. Láti ìgbà náà, NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná, ti gbé àkóso rẹ̀ lé àwọn ìpínlẹ̀ bí Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn lọ́wọ́. Ní irú ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọnọ́rébù tó bá ṣì ń dá yín lóhùn pé "ọ̀rọ̀ iná, ti Àbújá ni" kò ka ìwé iṣẹ́ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń wọlé, àti ohun tó ń ná wọn

Ìpele yìí kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún yín, àmọ́ òun ló ń sọ irú iṣẹ́ tí ẹ máa rí gbà. Ọmọ ọdún 25 lè du ipò yìí láti ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2018 tí wọ́n fọwọ́ sí òfin tó dín ọjọ́ orí kù. 30 ni tẹ́lẹ̀. Ìwé mẹ́wàá tàbí ohun tó bá a dọ́gba ti tó. Ẹgbẹ́ òṣèlú ló gbọ́dọ̀ fà á kalẹ̀, torí òfin wa kò gba adádúró láyè.

Fún ìdìbò ọdún 2023, ₦2,000,000 ni ẹgbẹ́ APC ta fọ́ọ̀mù ìdíje ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, ₦600,000 ni PDP ta tiẹ̀. Òfin ìdìbò ọdún 2022 tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní kí olùdíje má ná ju ₦30,000,000 lọ. Ẹ wá fi í wé owó iṣẹ́: nínú òfin owó àwọn olóyè ìlú tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2008, ojúlówó owó iṣẹ́ ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ fi díẹ̀ ju ₦1,300,000 lọ lọ́dún, kí wọ́n tó fi àjẹmọ́nú ilé, mọ́tò àti ọ́fíìsì kún un. Owó fọ́ọ̀mù APC nìkan ju ojúlówó owó iṣẹ́ ọdún kan gbáko lọ, a ò tíì dárúkọ pósítà, epo ọkọ̀, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ tó ń dìbò abẹ́lé, àti agbẹjọ́rò. Ẹni tó yáwó wọlé, ẹni tó yá a lówó ló máa ń kọ́kọ́ gbé fóònù fún. Nígbà ìpolongo, ìbéèrè tó wúlò jù tí ẹ lè bi olùdíje ni pé: ta ló sanwó fọ́ọ̀mù yín?

Lẹ́yìn ìdìbò, ẹni tó fìdí rẹmi ní ọjọ́ 21 láti pe ẹjọ́. Tiribúnà ní ọjọ́ 180 láti dájọ́, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní ọjọ́ 60, ibẹ̀ sì ni ẹjọ́ ipò yìí ń parí sí. Kì í dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ. Ẹ ro ó pọ̀. Ìdìbò máa ń wáyé níbẹ̀rẹ̀ ọdún, ilé tuntun máa ń jókòó ní oṣù kẹfà, nítorí náà ọnọ́rébù tí wọ́n pè lẹ́jọ́ lè wà lẹ́nu ẹjọ́ títí ọdún fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, nígbà tí wọ́n ń gbé ìṣúná àkọ́kọ́ wá síwájú rẹ̀. Ẹ má retí iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́.

Ọ́fíìsì ẹkùn ìdìbò: máàkì 2 nínú 5

Ọ́fíìsì tó dáa kò ní láti tóbi. Ìwé àlejò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá ní ojú ìlà fún orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ọ̀rọ̀ tí àlejò bá wá, ọjọ́, àti èsì tí wọ́n fún un, inú ọ́fíìsì tó ń ṣiṣẹ́ lẹ wà. Tí ojú ìlà èsì bá wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tó funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀, ibi ìgbàlejò lásán ni. Ohun kejì ni òǹtẹ̀: ṣé ọmọ iṣẹ́ tó gba lẹ́tà lọ́wọ́ yín lè lu òǹtẹ̀ ọjọ́ sórí ẹ̀dà tiyín? Èyí tó bá ní "ẹ fi sílẹ̀, màá fún ọ̀gá," kò sí ẹ̀rí kankan pé ẹ wá.

Àárín ọ̀sẹ̀ ni ilé sábà máa ń jókòó ní olú-ìlú, nítorí náà ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta ló ṣeé ṣe jù láti bá ọnọ́rébù fúnra rẹ̀. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni ìlà gígùn àwọn tó wá tọrọ owó ilé ìwé, owó ìyàwó tó bímọ, owó ìsìnkú. Wọ́n á gba gbogbo àárọ̀, ẹni tó wá sọ pé òrùlé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ṣí nílé ẹ̀kọ́ girama àdúgbò á sì padà sílé láìrí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀bi ìhà méjèèjì ni. Àwọn ọ́fíìsì kan ti ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ gbogboogbò. Àwọn la fún ní 4.

Ìwé ẹ̀sùn sí ilé: máàkì 3, ó sì lè jẹ́ 4 tí ẹ bá mọ̀ ọ́n kọ

Èyí ni iṣẹ́ tí wọn kì í polongo, tó sì sàn jù fún ẹni tí ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ bá fìyà jẹ. Ọ̀pọ̀ ilé ló ní ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó fún ẹ̀sùn ará ìlú. Agbára tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe kékeré: abala 128 àti 129 ìwé òfin fún ilé láyè láti ṣèwádìí, láti ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni, láti béèrè ìwé, àti láti ní kí wọ́n lọ mú ẹni tó kọ ìpè wọn wá.

Ẹ kọ ọ́ sí abẹnugan ilé, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ akọ̀wé ilé, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà ṣọwọ́ sí ọnọ́rébù ẹkùn yín. Ojú ewé méjì ti tó. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́: ẹ̀yin ta ni, níbo lẹ ń gbé, ilé iṣẹ́ ìjọba wo lẹ ń fẹ̀sùn kàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú ọjọ́ àti iye owó. Lẹ́yìn ìyẹn, ibi tí ẹ ti kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn àti èsì tí wọ́n fún yín, torí ìgbìmọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ pé ẹ fo ọ̀gá tó kàn. Ìparí rẹ̀ ni ẹ̀bẹ̀ yín, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń kú. "A fẹ́ kí ilé bá wa dá sí i" kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "A bẹ ilé kó ní kí ilé iṣẹ́ ètò ìlera fi ìwé tí wọ́n fi ra jẹnẹrétọ̀ ọsibítù wa hàn, kí wọ́n sì sọ ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e wá." Ẹ̀bẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó rí bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ tó. Ẹ so fọ́tókọ́pì rìsíìtì, lẹ́tà àti fọ́tò mọ́ ọn, ẹ fi nọ́ńbà sí wọn lára, ẹ pa ojúlówó mọ́ fún ọjọ́ ìjókòó. Ẹ fọwọ́ síwèé pẹ̀lú orúkọ gidi. Tí ẹ bá pọ̀, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i, àmọ́ kẹ́ ẹ yan ẹni kan ṣoṣo tí wọ́n máa pè.

Ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n dá a padà kò pọ̀, ó sì rọrùn láti yẹra fún. Ọ̀rọ̀ tó wà ní kóòtù, ilé kì í fọwọ́ kàn án. Ìjà onílé àti ayálégbé, gbèsè láàárín ẹni méjì, ogún ìdílé, kò kàn wọ́n. Ìwé tí kò lórúkọ, inú fáìlì ló ń sùn sí. Ẹ̀sùn tó kan àjọ ìjọba àpapọ̀, wọ́n lè gbọ́ ọ, àmọ́ ọwọ́ wọn kò tó o.

Àléébù rẹ̀ ńlá nìyí, ìdí tí kò fi gba 5: ilé kì í ṣe kóòtù. Òfin fún wọn ní agbára ìwádìí kí wọ́n lè ṣòfin tàbí tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ àti ìfiṣòfò nínú owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Kò fún wọn láṣẹ láti dájọ́. Ohun tó máa ń jáde ni ìpinnu tí wọ́n fi ń rọ gómìnà tàbí kọmíṣọ́nnà. Tó bá wu ìyẹn, ó lè fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìjọba máa ń yanjú ọ̀rọ̀ ní kété tí lẹ́tà ìpè bá ti dé orí tábìlì wọn, kí ọjọ́ ìjókòó tó pé, torí wọ́n mọ̀ pé iwájú àwọn èèyàn kan náà ni wọ́n máa wá gbèjà ìṣúná wọn.

Òfin ṣíṣe: máàkì 2½

Àbádòfin máa ń gba kíkà mẹ́ta. Kíkà àkọ́kọ́, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kàn ń pè. Kíkà kejì ni àríyànjiyàn lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ó bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó, níbi tí àpérò ìta gbangba ti lè wáyé. Ìgbìmọ̀ mú àbọ̀ wá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní abala dé abala, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kẹta, akọ̀wé ilé fi ẹ̀dà tó mọ́ ṣọwọ́ sí gómìnà. Gómìnà ní ọjọ́ 30. Bó bá kọ̀ tí kò fọwọ́ sí i, ilé lè tún dìbò lórí rẹ̀. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta bá gbà, ó di òfin láìsí ìbuwọ́lù rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ 27 nínú 40, 22 nínú 32, 18 nínú 26, 16 nínú 24.

Iye tó ń yà wá lẹ́nu kọ́ nìyẹn o, iye tó kéré jù ni. Ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọ ilé ti tó láti jókòó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ tí wọ́n sì dìbò ló ń gbé ọ̀rọ̀ kọjá. Nílé tó ní ọmọ 26, èèyàn 9 lè jókòó, èèyàn 5 lè sọ nǹkan di òfin tàbí ìpinnu fún gbogbo ìpínlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bí ọnọ́rébù yín ṣe ń wá síbi iṣẹ́ fi ṣe pàtàkì ju ìwúre tó ń ṣe níbi ìnáwó lọ. Òfin ní kí ilé jókòó fún ọjọ́ 181 ó kéré tán lọ́dún kan. Ọmọ ilé tí kò bá wá fún iye tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ ìjókòó lọ láìsí ìdí gidi, àga rẹ̀ ṣófo lábẹ́ abala 109.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń yára, ìfẹ́ gómìnà ló ń pinnu. Àmọ̀tẹ́kùn jẹ́ àpẹẹrẹ: ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2020 ni wọ́n ṣí i n'Íbàdàn, nígbà tí oṣù kẹta ọdún yẹn máa fi parí, àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Yorùbá ti gbé òfin rẹ̀ kọjá. Àbádòfin tí ọnọ́rébù kan dá gbé wá, tí gómìnà kò bá nífẹ̀ẹ́ sí i, lè wà nínú àpò ìgbìmọ̀ títí ọdún mẹ́rin ilé náà á fi pé, ibẹ̀ ló sì ń kú sí. Ilé tuntun kì í jogún rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á tún un gbé wá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ kópa níbi àpérò ìta gbangba, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ń fún èèyàn, àwọn olóyè ló sì máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ gba ẹ̀dà àbádòfin náà lọ́wọ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀, kẹ́ ẹ wá kọ̀wé: abala wo, ọ̀rọ̀ wo ni kí wọ́n yọ, èwo ni kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, kí nìdí. Àwọn tó ń kọ àbọ̀ ìgbìmọ̀ máa ń mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti tò sílẹ̀ fún wọn. Èdè kò sì yẹ kó dí yín lọ́wọ́. Abala 97 fún ilé láyè láti fi èdè ìpínlẹ̀ kún Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó sì ti ń fi Yorùbá jókòó.

Ìṣúná: ibi tí iṣẹ́ gidi wà

Tí a bá ní ká fi ibì kan ṣoṣo díwọ̀n ọnọ́rébù, ọ̀sẹ̀ tí àwọn kọmíṣọ́nnà ń wá gbèjà ìṣúná wọn la máa mú. Gómìnà sábà máa ń gbé àbá ìṣúná wá láàárín oṣù kẹwàá sí ìkejìlá. Ilé iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan á wá jókòó síwájú ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó o, pẹ̀lú ìwé ohun tí wọ́n béèrè lọ́dún tó kọjá, ohun tí wọ́n rí gbà, ohun tí wọ́n ná. Kò sí kámẹ́rà púpọ̀ níbẹ̀, kò sì sí àǹkárá ẹgbẹ́jọdá. Ọnọ́rébù tó ka ìwé náà lálẹ́ á béèrè pé: ẹ ní ọ̀nà yìí ti parí lọ́dún tó kọjá, kí ló dé tí owó rẹ̀ tún jáde lọ́dún yìí? Èyí tí kò kà á á ní kí wọ́n "tẹrí ba kí wọ́n máa lọ," àṣà tó gbòde kan nílé púpọ̀.

Ẹ̀yin náà lè kà á. Púpọ̀ ìpínlẹ̀ ló ń gbé ìṣúná wọn sórí ìkànnì wọn báyìí, wọ́n sì ń gbé àbọ̀ oṣù mẹ́ta mẹ́ta jáde nípa bí wọ́n ṣe ń ná an. Ẹ wá orúkọ ọ̀nà, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ọsibítù yín lábẹ́ owó iṣẹ́ àkànṣe, kì í ṣe lábẹ́ owó oṣù àti ìnáwó ojoojúmọ́. Ẹ ṣọ́ra fún ìlà tó ní "àtúnṣe àwọn ọ̀nà káàkiri ìpínlẹ̀" pẹ̀lú owó gọbọi: kò lórúkọ, kò lọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè gbà bi wọ́n léèrè. Ìlà tó dáa máa ń sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Lẹ́yìn náà ẹ gbé àbọ̀ oṣù mẹ́ta kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí oṣù kẹsàn-án bá dé tí kọ́bọ̀ kò tíì jáde lórí ìlà yín, ọ̀rọ̀ orí ìwé ni.

Ìgbà tó yẹ láti gbé ìbéèrè lọ bá ọnọ́rébù ni oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba tó ti ìwé wọn pa. Oṣù kejìlá ti pẹ́ jù. Wọ́n á kàn máa yọ níbì kan fi sí ibòmíràn ni. Ẹ mú fọ́tò dání, gígùn ọ̀nà náà ní mítà, orúkọ ilé iṣẹ́ tó kàn, àti nọ́ńbà ìlà rẹ̀ tó bá ti wà nínú ìṣúná àtijọ́. Ó máa ń dùn mọ́ ọnọ́rébù tó mọṣẹ́, torí ẹ ti bá a ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀.

Bí ilé kò bá tíì fọwọ́ sí ìṣúná nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, abala 122 gba gómìnà láyè láti máa náwó fún oṣù mẹ́fà, níwọ̀n tí kò ju ti ọdún tó kọjá lọ. Nítorí náà ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní àwọn sáré fọwọ́ sí i lọ́jọ́ méjì kí ìjọba má baà dúró. Lẹ́yìn ọdún, ayẹ̀wé-owó-wò àgbà ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ 90 láti ìgbà tí ìwé ìṣirò bá ti dé ọwọ́ rẹ̀ láti gbé àbọ̀ wá fún ilé. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé owó wò ló yẹ kó pe àwọn tí wọ́n dárúkọ nínú rẹ̀. Èyí ni ibi tí iṣẹ́ ti máa ń rọ jù: àbọ̀ á dé, wọ́n á gbà á níwájú kámẹ́rà, ó parí síbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Àtúnṣe ìwé òfin ọdún 2018, àti òmíràn tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2023, fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ lómìnira lórí owó tirẹ̀. Síbẹ̀, níbi tí owó ilé bá ṣì ń gba ọwọ́ gómìnà kọjá kó tó dé, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé ìbéèrè wọn máa ń rọ̀ bí òwú. Máàkì ibí yìí yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, láti 1 dé 4. Ẹ̀rí tó wà nínú àbọ̀ ìgbìmọ̀ tiyín ni kẹ́ ẹ fi fún wọn.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yọ ẹnì kan

Yíyọ gómìnà kì í ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́, àmọ́ ìṣirò rẹ̀ ti gbé ọ̀pọ̀ ilé ṣubú. Abala 188 ní kí ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọ ilé fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn, kí abẹnugan fi í jíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 7, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbà láàárín ọjọ́ 14 pé kí ìwádìí wáyé, kí adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ yan èèyàn 7 tí wọ́n ní oṣù mẹ́ta láti wádìí, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta tún gba àbọ̀ wọn wọlé. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2006, ọmọ ilé 18 nínú 32 ní àwọn ti yọ Gómìnà Rashidi Ladoja ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò náà nínú òtẹ́ẹ̀lì kan n'Íbàdàn, kì í ṣe nínú gbọ̀ngàn ilé. Iye tí òfin béèrè jẹ́ 22. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún náà pé ètò náà kò bófin mu, Ladoja sì padà sórí àga. Ní Èkìtì, oṣù kọkànlá ọdún 2014, ọmọ ilé 7 nínú 26 ló ní àwọn yọ abẹnugan Adewale Omirin. 7 kò tilẹ̀ tó iye tó lè jókòó, ká má wá sọ ìdá méjì nínú mẹ́ta tí òfin ní kó yọ abẹnugan. Tí ẹ bá gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tó wà níbẹ̀.

Pípe ọnọ́rébù padà sílé, lábẹ́ abala 110, máàkì 1 la fún un gẹ́gẹ́ bí ohun èlò ará ìlú. Ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà, ó lé ẹnì kan, ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé; àjọ INEC á wá ṣe ìdìbò láàárín ọjọ́ 90, ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ó lé ẹnì kan náà gbọ́dọ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ká ní ẹkùn kan ní 60,000 olùdìbò: 30,001 ló máa fọwọ́ síwèé, 30,001 ló tún máa jáde wá dìbò. Àwọn tó ti kú àti àwọn tó ti kó lọ ṣì wà nínú ìṣirò náà. Òǹdìbò tó jáde fún ìdìbò gan-an kì í sábà tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọnọ́rébù ló sì wọlé pẹ̀lú ìbò tó kéré sí i gan-an. Owó, àkókò àti agbẹjọ́rò tí ẹ máa ná síbẹ̀, ẹ kó o sórí ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀. Níbẹ̀, ìbò díẹ̀ ló ń yan olùdíje tàbí dá a padà.

Bí ẹ ṣe lè gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn

Gbọ̀ngàn ilé ní ibi ìjókòó àlejò. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, ẹ dé ṣáájú kí abẹnugan tó wọlé tòun ti ọ̀pá àṣẹ, ẹ pa fóònù, ẹ má pàtẹ́wọ́. Àmọ́ jíjókòó níbẹ̀ kì í sọ púpọ̀ fún yín. Ìwé mẹ́ta ló wúlò jù ú lọ: ìwé tó to iṣẹ́ ọjọ́ náà, àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n pinnu lọ́jọ́ ìjókòó kọ̀ọ̀kan, àti ìwé àwọn tó wá. Ọ́fíìsì akọ̀wé ilé ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí ó ti pẹ́ tó, ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ máa ń fún ẹni tó bá béèrè ni pé òfin ọdún 2011 lórí ẹ̀tọ́ ará ìlú sí ìròyìn kò dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ kọ lẹ́tà sí akọ̀wé ilé, ẹ dárúkọ òfin náà, ẹ sọ ìwé tí ẹ fẹ́ àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ títí dé ọjọ́ tó parí sí, ẹ gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà yín. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fèsì, wọ́n sì lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un tí wọ́n bá sọ ìdí rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọjọ́ 30 láti gba kóòtù lọ.